Títo Kọ̀ǹpáílà àti Irinṣẹ́ Ètò Alájọṣe Sórí Kílọ́sítà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tí wọ́n fi kílọ́sítà lé lọ́wọ́, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì kí wọ́n lè jọ ṣe iṣẹ́ kan, tí ó sì fẹ́ kí àwọn tí yóò lò ó bá kọ̀ǹpáílà (tí ń sọ kóòdù di ètò tí ẹ̀rọ lè ṣe), MPI (tí àwọn ẹ̀dà ètò fi ń ránṣẹ́ síra wọn) àti àwọn láíbúrárì tí wọ́n nílò níbẹ̀. A gbà pé ẹ ti mọ Linux lò láti ojú àṣẹ, àti pé ẹ ní àṣẹ alábòójútó lórí àwọn nóòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan inú kílọ́sítà.

Kí ni ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpáílà rárá?

Ọ̀pọ̀ wàhálà tí àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ bú kọ̀ǹpáílà ni kò ti ọwọ́ kọ̀ǹpáílà wá. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀yà Linux kan náà ni ó wà lórí gbogbo nóòdù, pàápàá jù lọ pé glibc wọn, láíbúrárì C tí àwọn ètò Linux gbára lé, kò yàtọ̀ síra, nítorí pé ètò tí a kọ́ lórí glibc tuntun kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí nóòdù tí tirẹ̀ ti pẹ́. Yóò kàn sọ pé òun kò rí GLIBC_2.34 tàbí nọ́ńbà mìíràn bẹ́ẹ̀, yóò sì kú. UID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, torí pé nọ́ńbà yẹn ni NFS, tí ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ̀kì, fi ń mọ olówó fáìlì nínú ètò rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù. Aago àwọn nóòdù gbọ́dọ̀ bára mu, iṣẹ́ tí chrony lè ṣe fún yín, nítorí pé munge, tí Slurm (alákòóso tí ń pín iṣẹ́ fún àwọn nóòdù) fi ń yẹ ìdánimọ̀ wò, kì í gba ẹ̀rí tí àkókò rẹ̀ kò tọ̀nà. Bí ẹ kò bá sì lo Slurm tàbí alákòóso iṣẹ́ mìíràn, aṣàmúlò gbọ́dọ̀ lè fi ssh kọjá láti nóòdù kan sí òmíràn láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni fódà kan tí gbogbo nóòdù jọ ń rí, ní orúkọ ọ̀nà kan náà. Nínú ojú ìwé yìí a óò pe fódà náà ní /opt/apps. Ibẹ̀ ni kí kọ̀ǹpáílà àti láíbúrárì máa wà, yálà lórí NFS tàbí Lustre, kí ẹ má baà máa to ohun kan náà sórí nóòdù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ ètò ńlá bíi GCC nínú fódà tí ó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tí yóò ṣí yóò fà á sẹ́yìn gidigidi. Orí díìsìkì inú nóòdù ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kí ẹ tó gbé àbájáde rẹ̀ lọ sí /opt/apps.

Kọ̀ǹpáílà wo ni kí n mú?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GCC. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní C, C++ àti Fortran nínú, àwọn tí ń ṣe láíbúrárì ìṣirò sì máa ń dán iṣẹ́ wọn wò pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Èyí tí ó bá Linux wá máa ń jẹ́ ti àtijọ́ díẹ̀: Red Hat Enterprise Linux 8 gbé GCC 8 wá, ẹ̀yà 9 sì gbé GCC 11 wá. Ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò, nítorí pé àwọn nǹkan inú Linux fúnra rẹ̀ gbára lé e. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbé tuntun sí.

Bí àwọn nóòdù yín bá ní ẹ̀rọ Intel, oneAPI ti Intel ṣeé gbà láìsan owó, ó sì dára. Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ra fún Makefile àtijọ́: láti ẹ̀yà 2024 ni icc àti icpc kò ti sí nínú rẹ̀ mọ́, icx àti icpx ni wọ́n rọ́pò wọn, ifx sì rọ́pò ifort tí ẹ̀yà 2025 yọ kúrò. Ohun kan tí ń da àwọn aṣàmúlò láàmú ni pé bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún icx, ó máa ń fi àyè gba ara rẹ̀ láti tún ìṣirò oní-désímà tò kí ó lè yára. Bí èsì bá wá yàtọ̀ sí ti GCC ní ìdí désímà, ẹ fi -fp-model=precise dán an wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan kóòdù.

NVIDIA HPC SDK, tí ó jẹ́ àrólé kọ̀ǹpáílà PGI tí NVIDIA rà ní 2013, ni ẹ óò nílò bí ẹ bá ní káàdì GPU tí àwọn aṣàmúlò yín sì ń kọ Fortran tàbí OpenACC (àwọn ìlà àṣẹ tí ń gbé iṣẹ́ lọ sórí GPU). AMD náà ní AOCC tirẹ̀. Ní tèmi, kọ̀ǹpáílà méjì ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpáílà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un ń bí odindi MPI kan, HDF5 kan, FFTW kan àti ScaLAPACK kan, àwọn láíbúrárì tí ẹ óò máa tọ́jú.

Kí ni ìyàtọ̀ OpenMP sí MPI, èwo ni mo sì ní láti to?

OpenMP wà nínú kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀. MPI kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ OpenMP jáde fún Fortran ní 1997, ti C àti C++ sì tẹ̀lé e ní ọdún kejì. Ètò kan ṣoṣo ni, tí ó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ thread (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà) tí gbogbo wọn jọ ń lo mẹ́mọ́rì kan, nítorí náà kò lè kọjá nóòdù kan. MPI, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1994, ń gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ètò dìde tí oníkálùkù ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ síra wọn, ì báà jẹ́ lórí nóòdù kan tàbí lórí ẹgbẹ̀rún nóòdù. Nítorí náà MPI ni ẹ óò fọwọ́ ara yín to.

Láti tan OpenMP, -fopenmp ni ti GCC àti Clang, -qopenmp ni ti Intel, -mp sì ni ti NVIDIA. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, kọ̀ǹpáílà kì í pariwo: yóò ka àwọn ìlà pragma sí ohun tí kò kàn án, ètò yóò sì máa lo core (ẹ̀yà ìṣirò inú ẹ̀rọ) kan ṣoṣo bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nígbà tí ẹnìkan bá ní OpenMP òun kò mú ìyàtọ̀ wá.

Ṣé mpicc náà jẹ́ kọ̀ǹpáílà?

Rárá. Agbódegbà ni, tí ń pe kọ̀ǹpáílà gidi tí ó sì ń fi ọ̀nà fáìlì mpi.h àti láíbúrárì MPI kún àṣẹ yín. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí ó ń ṣe gan-an, ẹ tẹ mpicc --showme fún Open MPI tàbí mpicc -show fún MPICH. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń tọ́jú kílọ́sítà mọ àṣẹ méjèèjì yìí lórí, torí pé òun ni ó máa ń sọ fún wa pé mpicc tí a rò pé GCC 13 wà lẹ́yìn rẹ̀ ń pe gcc àtijọ́ inú /usr/bin.

Open MPI ni tàbí MPICH?

Méjèèjì dára, kóòdù tí a kọ fún ọ̀kan yóò sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èkejì bí a bá tún un kọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá ń lo InfiniBand, nẹ́tíwọ̀kì ayára láàárín àwọn nóòdù, Open MPI tí a so mọ́ UCX (láíbúrárì tí ó fi ń bá irú nẹ́tíwọ̀kì bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú, MVAPICH náà sì wà. Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni ti àwọn ètò tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò ní kóòdù wọn lọ́wọ́. MPICH, Intel MPI àti MVAPICH ti jọ fẹnu kò lórí bí láíbúrárì wọn yóò ṣe rí, tó bẹ́ẹ̀ tí ètò tí a kọ́ pẹ̀lú ọ̀kan lè rìn pẹ̀lú èkejì láìtún un kọ́. Open MPI kò sí nínú àdéhùn yẹn. MPI 5.0, tí ó jáde ní 2025, ti wá fi irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè kan àwọn ètò tí ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí kọ̀ǹpáílà, MPI àti láíbúrárì jẹ́ ìdílé kan?

Nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣòro tí ó ń gba àkókò jù ti ń wá. Nínú C nìkan, a lè da nǹkan pọ̀ kí a sì mú un jẹ. Fortran kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá kọ́ MPI, kọ̀ǹpáílà Fortran máa ń ṣẹ̀dá fáìlì mpi.mod, èyí tí ó kọ ní ọ̀nà tí òun nìkan lè kà. Ti gfortran kò ṣeé kà fún ifx, ti nvfortran kò ṣeé kà fún gfortran, kódà ẹ̀yà gfortran méjì tí ó jìnnà síra lè má lè ka ti ara wọn. Aṣàmúlò yóò rí àṣìṣe ní ìlà «use mpi», yóò sì rò pé òun ni òun ṣi kóòdù kọ.

OpenMP náà ní tirẹ̀. Fún un, GCC ń lo láíbúrárì libgomp, Intel ń lo libiomp5. Bí ètò kan bá gbé méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé a fi GCC kọ́ ọ ṣùgbọ́n láíbúrárì ìṣirò rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Intel, àwùjọ thread méjì ni yóò máa jà du core kan náà. Nígbà mìíràn ètò yóò falẹ̀, nígbà mìíràn yóò dá dúró pátápátá. Èyí tí ó burú jù ni ti nọ́ńbà odidi nínú láíbúrárì ìṣirò: oríṣi kan ń lo bíìtì 32, oríṣi kejì 64, tí ó ń jẹ́ ilp64. Bí a bá so èyí tí kò yẹ mọ́ kóòdù, ìsopọ̀ náà yóò lọ láìsí ìkìlọ̀ kankan, èsì tí kò tọ̀nà ni yóò sì jáde. Ètò tí ó kú sàn ju ètò tí ń purọ́ lọ.

Nítorí náà ni a ṣe ń dárúkọ fódà MPI pẹ̀lú kọ̀ǹpáílà tí ó bí i, bí àpẹẹrẹ /opt/apps/openmpi/5.0.3-gcc-13.2.0, tí a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo láíbúrárì tí ó tẹ̀lé e.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ GCC tuntun láti orísun?

Nínú fódà kóòdù GCC, ẹ kọ́kọ́ tẹ ./contrib/download_prerequisites, èyí tí yóò gba GMP, MPFR, MPC àti isl wá. Orí nóòdù tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ dá fódà mìíràn sílẹ̀ ní ìta fódà kóòdù, ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ:

../gcc-13.2.0/configure --prefix=/opt/apps/gcc/13.2.0 --enable-languages=c,c++,fortran --disable-multilib

make -j 16

make install

A kì í kọ́ GCC nínú fódà kóòdù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é fúnra wọn ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. --disable-multilib wà níbẹ̀ nítorí pé láìsí i, iṣẹ́ náà yóò máa wá fáìlì bíìtì 32 tí kílọ́sítà yín kò ní, yóò sì dúró. Ó máa ń gba àkókò, torí GCC máa ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó lè fi ìpele kejì àti ìkẹta wéra.

Nígbà tí ó bá parí, ẹ má gbàgbé pé àwọn láíbúrárì rẹ̀ wà ní lib64. Bí LD_LIBRARY_PATH kò bá tọ́ka síbẹ̀, ètò C++ tí a kọ́ pẹ̀lú GCC 13.2 yóò lọ bá libstdc++ àtijọ́ inú Linux, yóò sì ní òun kò rí GLIBCXX_3.4.32.

Open MPI ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé gcc tuntun ni ó wà lójú ọ̀nà, ẹ fi «which gcc» yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó tẹ:

./configure --prefix=/opt/apps/openmpi/5.0.3-gcc-13.2.0 CC=gcc CXX=g++ FC=gfortran --with-slurm --with-ucx=/opt/apps/ucx --with-pmix=/opt/apps/pmix

Ẹ ka àkópọ̀ tí configure kọ sílẹ̀ ní ìparí kí ẹ tó tẹ make. Bí kò bá rí UCX, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé láti Open MPI 5.0 ni wọ́n ti yọ openib, ọ̀nà àtijọ́ sí InfiniBand, kúrò. Ohun tí yóò kù fún un lè jẹ́ TCP, tí ó lọ́ra ju ti InfiniBand lọ púpọ̀. PMIx ni ó ń jẹ́ kí srun ti Slurm gbé àwọn ẹ̀dà ètò dìde kí wọ́n sì mọ ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú Slurm náà: ẹ tẹ srun --mpi=list, bí pmix kò bá sí nínú ohun tí ó kọ, Slurm ni ẹ ó lọ tún kọ́. Ní ìkẹyìn, ompi_info yóò sọ fún yín bóyá Fortran wà nínú rẹ̀.

Báwo ni àwọn aṣàmúlò yóò ṣe máa yan èyí tí wọ́n fẹ́?

Nípasẹ̀ module, fáìlì tí ń tọ́ka PATH àti àwọn ọ̀nà yòókù sí ẹ̀yà tí a bá yàn. Environment Modules ni ti àtijọ́ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa; Lmod, tí wọ́n ṣe ní TACC ní Texas tí wọ́n sì fi Lua kọ, ni mo fara mọ́, nítorí pé ó lè to àwọn module ní ìpele-ìpele. Fáìlì module GCC yín lè rí báyìí:

prepend_path("PATH", "/opt/apps/gcc/13.2.0/bin")

prepend_path("LD_LIBRARY_PATH", "/opt/apps/gcc/13.2.0/lib64")

prepend_path("MODULEPATH", "/opt/apps/modulefiles/gcc/13.2.0")

family("compiler")

Ìlà kẹta ni ọgbọ́n wà. Kí aṣàmúlò tó gbé GCC wọlé, kò lè rí Open MPI tí a fi GCC kọ́. Lẹ́yìn tí ó bá gbé e wọlé ni Open MPI yóò hàn, lẹ́yìn tí ó bá sì gbé Open MPI wọlé ni HDF5 àti FFTW tí ó bá a mu yóò hàn. Kò sí bí ó ṣe lè da ìdílé méjì pọ̀, torí pé kò rí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìlà kẹrin kò jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà méjì wà lórí ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan máa ń ráhùn pé module avail kò fi ohun gbogbo hàn mọ́. Ẹ kọ́ wọn ní module spider, tí ń wá gbogbo ìpele.

Ẹ gba àwọn aṣàmúlò níyànjú pé kí wọ́n fi module purge bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ń fún sbatch, kí wọ́n sì kọ module àti nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Module load tí a fi pamọ́ sínú .bashrc máa ń da iṣẹ́ rú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò rántí mọ́.

Ṣé n kò lè fi Spack ṣe gbogbo èyí?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí àwọn láíbúrárì bá sì ti ju mẹ́wàá lọ, mo rò pé ó yẹ. Spack, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lawrence Livermore National Laboratory, ń jẹ́ kí a kọ ìdílé náà sínú àṣẹ kan: spack install hdf5+mpi+fortran %gcc@13.2.0 ^openmpi@5.0.3. Òun ni yóò wá ohun tí ó kù, tí yóò sì kọ́ wọn ní ẹsẹẹsẹ. EasyBuild, tí ó ti Yunifásítì Ghent wá, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé tí a ti yàn tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́, bíi foss àti intel, tí wọ́n ń tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ máa yan nọ́ńbà ẹ̀yà fúnra rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan péré nípa Spack: bí ẹ kò bá sọ fún un pé Slurm àti UCX ti wà lórí ẹ̀rọ, ó lè kọ́ tirẹ̀, Slurm tí kò mọ Slurm yín kò sì wúlò. Ẹ lo spack external find slurm, kí ẹ sì wo ohun tí ó kọ sínú packages.yaml kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Mo gbé ẹ̀dà mẹ́jọ dìde, ṣùgbọ́n oníkálùkù ń sọ pé òun ni rank 0 (nọ́ńbà ẹ̀dà àkọ́kọ́) nínú ẹyọ kan. Kí ló dé?

Mpirun tí ẹ lò kì í ṣe ti MPI tí ẹ fi kọ́ ètò náà, tàbí srun kò bá MPI yín sọ èdè PMIx kan náà. Ẹ̀dà mẹ́jọ dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mọ̀ pé àwọn yòókù wà. Ẹ tẹ which mpirun àti ldd ./ètò-yín, kí ẹ wo bóyá fódà kan náà ni méjèèjì ti wá. Bí srun ni, ẹ fi --mpi=pmix kún un.

Ètò ń ṣiṣẹ́ lórí nóòdù ìwọlé, ṣùgbọ́n ó ń kú pẹ̀lú «Illegal instruction» lórí nóòdù iṣẹ́.

Ẹnìkan ti lo -march=native. Àmì yìí ń sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kí ó lo gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tí ó wà lórí rẹ̀ lè ṣe, bí nóòdù ìwọlé bá sì ní AVX-512 (irú àṣẹ ìṣirò kan nínú ẹ̀rọ) tí nóòdù iṣẹ́ kò ní, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Fún àwọn láíbúrárì tí gbogbo ènìyàn yóò lò, láti GCC 11 ẹ lè fi -march=x86-64-v3 kọ́ wọn, èyí tí ó ní AVX2 nínú, bí gbogbo nóòdù yín bá ní in. Bí ẹ bá ní ìran ẹ̀rọ méjì tí ó jìnnà síra, ẹ kọ́ ẹ̀dà méjì.

Ó ń lọ dáadáa lórí nóòdù kan, ṣùgbọ́n bí ó bá di méjì, yóò kàn dákẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ fura sí ni ògiri ààbò láàárín àwọn nóòdù, nítorí pé MPI lórí TCP máa ń ṣí ojú ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ìkejì ni ojú nẹ́tíwọ̀kì èké, bíi docker0, tí ó ní àdírẹ́ẹ̀sì kan náà lórí nóòdù kọ̀ọ̀kan tí kò sì lọ síbì kankan. Open MPI lè gbìyànjú láti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ sọ èyí tí yóò lò fún un: mpirun --mca btl_tcp_if_include eth0. Bí InfiniBand ni, tí ó sì ń ṣàròyé pé òun kò lè forúkọ mẹ́mọ́rì sílẹ̀, ẹ tẹ ulimit -l láti inú iṣẹ́ tí Slurm gbé dìde, kì í ṣe láti orí ssh, torí pé ààlà méjèèjì lè yàtọ̀. «Unlimited» ni ó yẹ kí ẹ rí.

Bí mo ṣe ń fi thread kún un ni ó ń falẹ̀ sí i.

Ẹ ka iye thread tí ó wà lórí nóòdù ní tòótọ́. Bí ẹ bá gbé ẹ̀dà MPI 16 dìde lórí nóòdù tí ó ní core 16, tí ẹ kò sì fi OMP_NUM_THREADS lélẹ̀, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lè ṣí thread 16, wọ́n á sì di 256 tí ń du core 16. Àwọn láíbúrárì ìṣirò OpenBLAS àti MKL náà máa ń ṣí thread tiwọn. Ẹ jẹ́ kí iye ẹ̀dà lórí nóòdù, ní ìlọ́po iye thread, má ju iye core lọ; ẹ fi --cpus-per-task sọ ọ́ fún Slurm, kí ẹ sì fi OMP_PLACES=cores àti OMP_PROC_BIND=close so wọ́n mọ́ ibi kan.

Bí thread yín bá tún ń pe MPI fúnra wọn, MPI_Init kò tó. MPI_Init_thread ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yẹ ìpele tí ó fún yín wò, torí pé ó lè fún yín ní ohun tí ó kéré sí èyí tí ẹ béèrè.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìfàsẹ́yìn ni ó ní àtúnṣe. Gene Amdahl ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1967: bí ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ kan kò bá ṣeé pín, kò lè yára ju ìlọ́po 20 lọ, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún core ni ẹ fún un.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò láti tọpinpin àṣìṣe àti ìfàsẹ́yìn?

Fún àṣìṣe, gdb àti Valgrind ni ìpìlẹ̀, pẹ̀lú -g nínú àṣẹ kọ̀ǹpáílà. GCC àti Clang ní -fsanitize=address tí ń mú ẹni tí ó kọjá ààlà mẹ́mọ́rì rẹ̀, gfortran sì ní -fcheck=all tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà. -fsanitize=thread wúlò, àmọ́ kò mọ libgomp dáadáa, nítorí náà yóò fẹ̀sùn kan kóòdù OpenMP tí kò ṣẹ̀. Fún ìyára, perf tó fún nóòdù kan; Score-P àti TAU ni kí ẹ to fún ètò MPI, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìdílé kọ̀ǹpáílà gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù.

Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé ohun gbogbo dára kí n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn?

Ẹ kọ́ OSU Micro-Benchmarks pẹ̀lú MPI kọ̀ọ̀kan tí ẹ tò, kí ẹ sì fi osu_latency àti osu_bw sáàárín nóòdù méjì-méjì. Lórí InfiniBand tí ó yè kooro, ìránṣẹ́ kékeré kì í gbà ju ìwọ̀nba máíkírósẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí TCP ni ó ń gbà. Ẹ dán gbogbo nóòdù wò, torí wáyà kan tí kò wọlé dáadáa lè fa odindi iṣẹ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ètò kékeré kan tí ó ní «use mpi» àti OpenMP nínú, kí ẹ fi ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ, kí ẹ sì fi sbatch gbé e gẹ́gẹ́ bí aṣàmúlò lásán. Iṣẹ́ tí a dán wò gẹ́gẹ́ bí root kò fi nǹkan kan hàn. Mpirun ti Open MPI kì í tilẹ̀ gbà fún root àfi tí a bá fi àmì pàtàkì kún un.

Nígbà tí ẹ̀yà tuntun bá jáde, ṣé kí n pa ti àtijọ́ rẹ́?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ètò tí àwọn aṣàmúlò ti kọ́ ṣì ń wá láíbúrárì wọn nínú fódà àtijọ́, bí ẹ bá sì yọ ọ́, iṣẹ́ tí ó wà lórí ìlà ní Slurm yóò kú nígbà tí ó bá kàn án. Ẹ gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di èyí tí module ń fúnni bí a kò bá dárúkọ ẹ̀yà, ẹ fi ìkìlọ̀ sínú fáìlì module ti àtijọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí Lmod máa kọ orúkọ ẹni tí ó ṣì ń gbé e wọlé sílẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ náà bá ti dákẹ́ fún oṣù díẹ̀, ẹ lè yọ ọ́, láti orí àwọn láíbúrárì wá sí MPI, kí ẹ tó kan kọ̀ǹpáílà.